Fọ́tò Ọmọ Mi Lórí Iyanrìn Òṣùpá Wọn

Mi ò bá òṣùpá jà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ọmọ ọmọ mi ń sọ ọ́ kiri pé Gíráńmà òun kórìíra sáyẹ́ǹsì. Òṣùpá kò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní ìlú wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la fi ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn tó lọ síbẹ̀, àti àwọn tó kó ẹrù wọn wá sí ìtòsí Trade Fair pé kí a wá wò ó, àwọn yẹn ni mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa wọn.

Ọmọ tí ọmọkùnrin mi bí ni ọmọ ọmọ mi yìí. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nínú fúláàtì wa ní Festac, láti ìgbà tó ti parí yunifásítì tó ń wá iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń gbọ́ràn, ó sì ń gbàdúrà ju àwọn pásítọ̀ mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbọ́ òyìnbó bá ti lanu báyìí, ó ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó sáré wọlé, ó ní òun ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn àwọn nǹkan tí àwọn Amẹ́ríkà fi lọ sórí òṣùpá láyé àtijọ́: fọ́tò tí wọ́n yà níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀, bàtà wọn, gbogbo ẹ̀. Òun ni yóò máa mú àwọn àlejò yíká, tí yóò máa ṣàlàyé fún wọn.

Mo bi í pé ta ló ń ṣe é. Ó dárúkọ ọkùnrin kan. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ àfẹ́níù wa ni. Èmi ni mo ń rán yunifọ́ọ̀mù fún un nígbà tó wà ní pírámárì, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kì í sì í pé oṣù kan kó tó ya. Ó lọ sí òkè òkun, ó padà dé, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé àwọn nǹkan tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ gan-an ló kó wá?"

"Rárá o, Gíráńmà. Ojúlówó wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù l'Ámẹ́ríkà. Àwòkọ ni ti wa. Ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n rí."

"Ayédèrú ni."

"Àwòkọ, Gíráńmà."

"Mo gbọ́. Àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò nínú Trade Fair náà kì í pè é ní ayédèrú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara ògiri, níbi tí mo gbé fọ́tò kékeré kan kọ́.

Fọ́tò yẹn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Festac la yà á, nígbà tí omi ṣì ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé, tí koríko tútù sì wà níwájú búlọ́ọ̀kù. Fọ́tọ́gíráfà kan tó ń kiri ló yà á fún wa. Ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, èmi dúró tì í, ọmọkùnrin mi wà lẹ́yìn mi. Àkọ́bí mi, obìnrin, dúró níwájú gbogbo wa. Ó di etí gáùn rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni fẹ́ jó.

Àkọ́bí mi yẹn kò pé ọdún mẹ́jọ tó fi lọ. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ sì mọ àṣà wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e jáde. Mi ò bi wọ́n, wọn ò sì sọ fún mi. Ìyá ọkọ mi kó aṣọ rẹ̀, ó kó bàtà rẹ̀ àti ìwé iléèwé rẹ̀, ó ní kí ojú mi má baà máa rí wọn. Fọ́tò yẹn nìkan ni mo rí yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kó. Mo fi í pamọ́ sáàárín bébà tí mo fi ń gé aṣọ, kò sí ẹni tó mọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí ọkọ mi fi kú, ìgbà yẹn ni mo tó gbé e kọ́ sára ògiri. Báyìí, gbogbo àwọn tó mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ ti kú tán. Fọ́tọ́gíráfà yẹn, ta ló mọ ibi tó wà? Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí ojú ọmọ mi àfi níbẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ọmọ ọmọ mi rí. Ó mọ̀ pé bàbá òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú ní kékeré, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn.

"Gíráńmà, ẹ jẹ́ kí n mú fọ́tò yìí lọ. Ọ̀gá wa ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò ìdílé láti ayé àtijọ́ ní Festac mú un wá. A máa ṣe kópì rẹ̀ ni."

"Kí ni fọ́tò ilé mi fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó lọ sí òṣùpá?"

"Ẹ máa rí i tí ẹ bá dé'bẹ̀. Sọ́pùráìsì ni."

"Èmi ò fẹ́ sọ́pùráìsì. Ìgbà wo lo máa dá a padà?"

"Lọ́la. Gíráńmà, mo ṣèlérí."

Mo yọ ọ́ nínú férémù fúnra mi, mo fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó wà lọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ọ̀gá òun kò sí nílé. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wé gèlè mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà, mo ní mo ń lọ wo òṣùpá.

Gbọ̀ngán náà tutù bí ilé tí wọ́n ń gbé òkú sí. Inú ọmọ ọmọ mi dùn bó ṣe rí mi, ó fà mí lọ́wọ́ wọ àárín àwọn àlejò bíi mẹ́fà kan. Fọ́tò ńlá kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ènìyàn kan dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun tó wú bí ẹni tí oyin ta, gíláàsì dúdú sì bo ojú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta nìyí. Ọmọ ọmọ mi ní kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ nìyẹn, ẹnì kejì rẹ̀ ni. Ẹni àkọ́kọ́ ló di kámẹ́rà mú, nítorí náà fọ́tò tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

"Wọ́n lọ títí dé ibẹ̀, wọn ò rántí gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ara wọn?"

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, Gíráńmà."

"Níbi ìkómọjáde lásán, ènìyàn á ní, 'Ìwọ náà bọ́ síbẹ̀ kí n yà ọ́.'"

Ìyá kan tó dúró tì mí, tó dà bí olùkọ́, bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ mi fi ojú bẹ̀ mí.

A dé ibi aṣọ. Aṣọ yẹn ni mo fẹ́ rí tẹ́lẹ̀, nítorí ogójì ọdún ni mo fi jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, ẹni tó rán an kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Òwú ń já lábẹ́ apá, etí rẹ̀ ṣe kóńdúkóńdú. Ṣùgbọ́n fọ́tò ojúlówó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yà á súnmọ́ dáadáa. Mo wọ gíláàsì ojú mi, mo tẹ̀ síwájú. Ìránṣọ rèé! Ojú abẹ́rẹ́ lọ tààrà, ó wọ ara wọn bí eyín ọmọ tuntun, kò sí ibi tó ti fò. Mo bi wọ́n pé ta ló rán an.

"Àwọn obìnrin kan ni. Iléeṣẹ́ tó ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà níbì kan, ọkùnrin inú ẹ̀ lè kú."

"Fọ́tò àwọn obìnrin yẹn dà?"

Ó wo ara ògiri lọ, ó wò ó bọ̀. Fọ́tò ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Fọ́tò ọ̀rá tí wọ́n di oúnjẹ gbígbẹ sí wà níbẹ̀. Àní fọ́tò ojú ẹsẹ̀ lásán wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ sí ẹni tó ni ẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

"Wọn ò sí níbí, Gíráńmà."

Ó yára mú wa kúrò níbẹ̀. Ó mú wa dé ibi tábìlì kan, ó sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin náà máa ń yàgbẹ́ sínú àpò ni, wọ́n so àpò náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ yẹn bi í pé ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ó ní ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn kámẹ́rà náà sílẹ̀ pẹ̀lú, kámẹ́rà olówó iyebíye, fíìmù inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ. Ó ní kí ọkọ̀ wọn lè fúyẹ́ ni.

"Kí ó fúyẹ́ nítorí kí ni?" mo bi í.

"Kí wọ́n lè rí àyè gbé òkúta wálé."

Gbogbo ènìyàn mi orí bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Èmi ò mi orí. Tí ọmọ mi bá lọ sí ilé onílé, tó yàgbẹ́ sí àgbàlá wọn, tó fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún wọn, tó wá ru òkúta wálé, mi ò ní gba gbọ̀ngán kí n máa fi í yangàn. Mo máa ti ilẹ̀kùn ni, mo máa bi í pé kí ló jẹ.

Ìgbà náà la dé òpin gbọ̀ngán. Wọ́n ti da iyanrìn síbẹ̀, wọ́n po eérú mọ́ ọn kó lè dúdú, wọ́n fi okùn yí i ká. Ojú ẹsẹ̀ ńláńlá lọ lórí rẹ̀ ní ìlà kan. Iná mẹ́ta gbígbóná ń ràn wálẹ̀ láti òkè, wọ́n ní ìyẹn ni oòrùn. Ọmọ ọmọ mi fọwọ́ tọ́ mi díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó lọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ mú fọ́tò ara rẹ̀ lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ òṣùpá, ó yà á ní fọ́tò, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní oòrùn ibẹ̀ le débi pé ó ṣeé ṣe kó ti pa ojú gbogbo wọn rẹ́, kó ti di bébà funfun.

Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé irú ọkọ wo nìyẹn, tó máa tẹ́ ojú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí oòrùn máa jẹ wọ́n. Nílé tiwa, a kì í gbé fọ́tò ènìyàn sílẹ̀, bí ó ti wù kí àga wọ́n tó.

"Nítorí náà," ọmọ ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ lọ, "ọ̀gá wa ronú pé kí ìdílé kan láti Festac náà wà lórí òṣùpá." Ó na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo ibi tó na ọwọ́ sí. Àkọ́bí mi ló dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, nínú ọ̀rá, ó kọjú sókè sí iná.

"Kópì ni?" mo bi í.

"Gíráńmà, ọ̀gá ní kópì kò ní dára tó..."

"Kópì ni?"

"Rárá, mà."

Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn náà. Mi ò sáré, ẹsẹ̀ mi kò gba eré mọ́. Mo ń rìn lọ lórí iyanrìn náà pẹ̀lú sálúbàtà mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá náà ni, pẹ̀lú kóòtù.

"Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀! Áà! Ẹ ti tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́!"

"Ẹni àkọ́kọ́ wo? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi bàtà tẹ̀ ẹ́?"

"Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣe nǹkan yìí."

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe tèmi."

Kò yé e. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé fọ́tò náà. Ó gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ọjọ́ tó ti wà lábẹ́ iná yẹn, ọ̀rá náà ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò. Ọ̀gá náà ní kò sí wàhálà, òun máa bó o, kí n mú un wá. Kí n tó sọ pé rárá, ó ti di etí ọ̀rá náà mú, ó ti fà á. Ó dún ṣááà. Èjìká ọkọ mi bá ọ̀rá lọ. Ibẹ̀ di funfun, ìka kan péré ló kù kó dé orí ọmọ mi.

Mo gbá a lọ́wọ́. Níwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti gbá a lọ́wọ́, mi ò sì tọrọ àforíjì títí di òní.

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fa nǹkan tó yọ́. Tí áyọ́ọ̀nù bá lẹ ọ̀rá mọ́ aṣọ oníbàárà, ẹni tó bá fà á ló ra aṣọ yẹn. Jẹ́ kó tutù, má ká a, má tẹ̀ ẹ́, wá nǹkan líle tì í lábẹ́. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi wá páálí méjì. Ó yọ méjì lára àwọn tí wọ́n kọ àlàyé sí lára ògiri. Mo ti fọ́tò náà sáàárín wọn.

"Ẹ ò lè gbé e lọ báyìí, Mọ́mì. Àwọn oníròyìn ń bọ̀ lọ́la!"

"Kí wọ́n ya ojú ẹsẹ̀ sálúbàtà mi. Ojúlówó ni tèmi."

Ọmọ ọmọ mi bá mi lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ń pè é, kò bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tí a délé, mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibà náà, ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó gbé e jáde, aṣọ tí wọ́n kó lọ. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Gíráńmà, kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo sọ orúkọ náà fún un. Ó pẹ́ tí mo ti fi ẹnu mi pè é. Ó sunkún, mo jẹ́ kó sunkún, ó yẹ kó sunkún. Lẹ́yìn náà mo ní kó dìde lọ gbé omi kaná, a ò tíì jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́tọ́gíráfà kan ní Agboju. Òun náà fẹ́ bó ọ̀rá yẹn. Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo ní kó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, kó ya fọ́tò náà láti orí ọ̀rá, bí ó ṣe wà. Ó yà á, ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó pè mí wá wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí gan-an. Ìlà kan là á kọjá níbi ọ̀rá ti súnkì, ó gba àárín gáùn rẹ̀, kò dé ọrùn. Ojú rẹ̀ wà. Ó ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni.

"Màmá, mo lè yọ ìlà yẹn kúrò. Mo lè fi kọ̀ǹpútà tún ojú ọmọ náà ṣe, kó dán. Mo tiẹ̀ lè fi yẹtí sí i létí."

"O mọ̀ ọ́n rí?"

"Rárá, mà."

"Báwo lo ṣe máa wá tún ojú rẹ̀ ṣe? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa, ó tóbi tó ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, kó lè wọ férémù mi. Èyí tí ọ̀rá lẹ̀ mọ́, mo dì í sínú aṣọ, mo fi í sínú àpótí mi. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó o.

Nígbà tí àfihàn wọn parí, ọ̀gá náà wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, mo fún un lómi. Ó gbé nǹkan kan lọ́wọ́ tí ó fi bébà wé, ó ní kí n má bínú, kí n gba èyí lọ́wọ́ òun. Ó tú u. Fọ́tò ni, tó ń dán, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí tó nípọn. Ilẹ̀ òṣùpá wà nísàlẹ̀, ó rí gbágungbàgun bí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Ní òkè, nínú òkùnkùn, bọ́ọ̀lù kékeré kan wà níbẹ̀, ó ní àwọ̀ búlúù àti funfun.

"Ayé wa nìyẹn, Mọ́mì. Orí òṣùpá ni wọ́n ti yà á. Kò sí fọ́tò tó dára tó èyí láyé. Gbogbo ènìyàn pátá ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti kú. Kò sí ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ dáadáa. Mo rí i pé ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo gba fọ́tò náà, mo wọ gíláàsì ojú mi, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo dá a padà fún un.

"Fi ọmọ mi hàn mí nínú rẹ̀."

Ó wo bọ́ọ̀lù kékeré yẹn. Ó wò mí. Ó tún wo bọ́ọ̀lù náà, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe.

"Kò ṣeé rí láti ibẹ̀, Mọ́mì."

"Mo mọ̀."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó lọ. Ó fi fọ́tò náà sílẹ̀ lórí àga. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo ní rárá. Pátákó ẹ̀yìn férémù mi, ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́, mi ò tíì rí èyí tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀. Mo wọn páálí náà, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo gé òṣùpá kúrò, mo gé ayé sí méjì, ó wọ inú férémù náà wẹ́kú lẹ́yìn ọmọ mi. Ó nípọn dáadáa. Ohun kan tó wúlò tí mo rí gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn nìyẹn.